Kí ẹ tó so sítíárìn tuntun mọ́ MGB yín, ẹ yẹ ọ̀pá rẹ̀ wò ná

Ẹ kú ìnáwó mọ́tò MGB o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra sítíárìn onígi yẹn. Ẹ ní ẹ ti ra ọ̀pá sítíárìn àlòkù torí pé èyí tó wà lára MGB 1973 yín ní Maryland ń mì, ẹ wá ń béèrè irú boss, ìyẹn irin tó ń so sítíárìn mọ́ orí ọ̀pá, tí yóò jẹ́ kí sítíárìn onígi tí àwọn Moto-Lita ń ṣe wọ̀ ọ́. Boss ò le rárá. Ọ̀pá àlòkù yẹn ló ń kọ mí lóminú.

Ọdún 1968 ni òfin ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ọ̀pá sítíárìn má ṣe gún awakọ̀ láyà tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan. Àwọn MG, tó ń ṣe mọ́tò yìí ní Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò lè fojú fo òfin yẹn dá, torí ọ̀pọ̀ MGB wọn, Amẹ́ríkà níhìn-ín ló ń bọ̀. Ọ̀pá tí wọ́n wá ń fi sí i kì í ṣe irin kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ mọ́. Apá kan ń wọnú èkejì, pín-ìn-nì kéékèèké oníke ló sì so wọ́n pọ̀. Tí àyà awakọ̀ bá gbá sítíárìn, pín-ìn-nì á já, ọ̀pá á wọnú ara rẹ̀, ẹ̀mí á sì là. Ṣùgbọ́n òòlù náà lè já pín-ìn-nì yẹn, kò sì ní hàn lójú.

Mo ti ra MGB tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti fi òòlù lu orí ọ̀pá rẹ̀ kí sítíárìn lè jáde. Tí ẹ bá wò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n tí mo bá di sítíárìn mú tí mo fà á sọ́dọ̀ ara mi, á tẹ̀lé ọwọ́ mi wá. Tí mo bá tì í, á padà lọ. Nígbà tí mo tú u, èérún ike ló ń dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Látìgbà yẹn, n kì í sanwó ọ̀pá àlòkù tí n ò bá tíì fi ọwọ́ ara mi fà, kí n sì tì í.

Nítorí náà, ẹ tẹ́ ọ̀pá yín sórí tábìlì. Kí ẹnì kan di ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ di òkè, ẹ fà, ẹ tì, ẹ lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń wọlé tó ń jáde, kódà kó jẹ́ díẹ̀ bíńtín, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ wo ti inú mọ́tò náà bákan náà. Bó bá jẹ́ òkè-sísàlẹ̀ nìkan ló ń mì, ó lè jẹ́ bush òkè, ìyẹn òrùka tó di ọ̀pá mú, ló ti jẹ, ìyẹn ò wọ́n. Tó bá jẹ́ síwá-sẹ́yìn ló ń lọ, ẹ má wakọ̀ yẹn mọ́.

Láti tú sítíárìn tó wà níbẹ̀, ẹ yọ wáyà bátìrì, ẹ ká ọmọrí họ́ọ̀nù, ẹ wá tú nọ́ọ̀tì àárín. Ẹ má yọ ọ́ tán! Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lórí ọ̀pá ní ìyí mélòó kan, kí sítíárìn má baà já lu yín lójú. Ẹ rọ epo sí eyín orí ọ̀pá, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́júmọ́, lẹ́yìn náà ẹ máa fà á lọ́tùn-ún lósì. Bó bá ṣì ń ṣagídí, púlà, irinṣẹ́ tó ń fa nǹkan jáde, ló kàn. Bí mẹkáníìkì bá ti gbé òòlù, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tó ń ti sítíárìn pa tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́ náà ń fa wàhálà. Bóòtì tí orí rẹ̀ ti gé kúrò ni wọ́n fi dè é mọ́ ọ̀pá, kí olè má baà tú u. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ti àtijọ́ sára èyí tuntun, dirílì ni kí ẹ fi lu ihò sí àárín bóòtì, kí ẹ fi extractor, irinṣẹ́ tó ń tú bóòtì tí kò lórí mọ́, tú u. Àwọn kan máa ń fi sísẹ́ẹ̀lì gbá a yí. Lórí irú ọ̀pá yìí, òòlù náà ni.

Ọ̀pá fúnra rẹ̀ ló máa gba sùúrù yín. Universal joint, ìyẹn oríkèé irin tó lè tẹ̀ bó ṣe ń yí, kan ṣoṣo ló wà láàárín rẹ̀ àti ráàkì tó ń yí táyà iwájú, nítorí náà ọ̀pá àti ìdí ráàkì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn kí ìlà wọn pàdé ní àárín joint yẹn gan-an. Bóòtì tó fún joint mọ́ ọ̀pá ń gba inú kòtò kan lára ọ̀pá, ẹ yọ ọ́ pátápátá kí ẹ tó fà á. Títú u díẹ̀ ò tó. Tí ẹ bá ń dá ọ̀pá padà, ẹ má tíì fún àwọn bóòtì abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò, ẹ rọra yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ẹ bá rí i pé ó ń le, ó ń rọ̀, lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan, wọn ò kọjú síra. Ẹ lo wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ráàkì láti tún un ṣe títí yóò fi máa lọ geere, kí ẹ tó wá fún gbogbo bóòtì. Ìdí nìyí tí joint tuntun àwọn ẹlòmíràn kì í fi pẹ́ tó fi ń jẹ: ráàkì ni kò dúró dáadáa.

Boss wá kù. MG yí eyín orí ọ̀pá padà láàárín 1962 sí 1980 tí wọ́n fi ṣe MGB, nítorí náà ọdún ọ̀pá ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ọdún mọ́tò. Ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Boss tí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì fà wọlé ń ba eyín jẹ́. Ẹ wo bí àwọn ihò bóòtì rẹ̀ ṣe tò náà: lára sítíárìn Momo, òbírí tí àwọn ihò náà tò sí fẹ̀ tó mìlímítà 70, ti Nardi jẹ́ 74. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dirílì fẹ ihò kí ó lè bá a mu.

Kí ẹ tó fi sítíárìn sí i, ẹ ka iye yíyí láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ padà sí ìlàjì rẹ̀. Ibẹ̀ ni trafikétọ̀ ti máa ń paná bó ṣe yẹ. Bí sítíárìn bá wọ́ díẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń lọ tààrà, ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ táyà ni kí ẹ tún ṣe, iye kan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Tí ẹ bá kàn ṣí sítíárìn nípò, trafikétọ̀ á máa paná lápá kan, kò ní paná lápá kejì.

Ní ti ìtóbi, íǹṣì 14 tàbí 15 ni mo fara mọ́. MGB ò ní power steering. Íǹṣì 13 á mú kí apá máa dùn yín tí ẹ bá ń páàkì, á sì bo orí àwọn aago iwájú yín.

Lẹ́yìn ìwọ̀n máìlì díẹ̀, ẹ tún fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì àárín àti bóòtì joint wò, kí ẹ tó wọ ọ̀nà márosẹ̀.