"Oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan": kí ni àwọn àgbà ń wí?

Ẹnì kan láti Àkúrẹ́ ló béèrè. Bàbá rẹ̀ ní kókó jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ìyá ẹlẹ́wé kan ní Ọjà Ọba wá sọ fún wọn pé "ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan", ó ní òun mọ ewé tó kù náà. Kí ni òwe yìí ń sọ gan-an, ṣé ewé sì wà fún irú àìsàn yìí?

Ìdí ìkòkò àgbo la ti ń gbọ́ òwe yìí jù. Wọ́n fún ọmọ lágbo lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ìyá àgbà kì í da àgbo nù. Á ṣí ìdérí, á tọ́ ọ wò, á ní, "Ta ló se èyí? Èèpo mángòrò dà?" Dóńgóyárò wà ńbẹ̀, ewé ìbẹ́pẹ wà ńbẹ̀, koríko ọba náà wà, èèpo igi nìkan ni kò sí. Ohun tí òwe ń wí nìyẹn: iṣẹ́ kò tíì parí, ẹ lọ wá èyí tó kù. Àwọn kan ti sọ ọ́ di àwáwí o. Oògùn wọn kò ṣiṣẹ́, wọ́n á pa òwe, wọ́n á tún gbowó ewé mìíràn.

Ti jẹjẹrẹ, òótọ́ ni pé ewé wà ńbẹ̀. Ẹ mọ òdòdó kékeré olójú márùn-ún, aláwọ̀ pínńkì tàbí funfun, tí wọ́n máa ń gbìn síwájú ilé? Periwinkle ni. Àwọn ará Jamaica ń mu omi ewé rẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ. Ní àwọn ọdún 1950, Robert Noble àti Charles Beer yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánádà. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́ nípa ṣúgà, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí wọ́n fún ń dín kù. Bí oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní vinblastine ṣe jáde nìyẹn. Vincristine tún ti ara òdòdó kan náà wá. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ pín sí méjì, oògùn méjèèjì kì í jẹ́ kó lè pín. Vincristine wà lára oògùn mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PCV, tí wọ́n ń lò fún oríṣi kókó ọpọlọ kan.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ ní odi tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ra pinpin, èyí tó bá sì yọ́ wọlé, wọ́n á tún tì í jáde, bí ẹ̀ṣọ́ ààfin Déjì ṣe ń ṣe sí àlejò tí kò níṣẹ́ ńbẹ̀. Díẹ̀ ni vincristine tó ń kọjá. Paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn tó ti inú èèpo igi yew ní Amẹ́ríkà wá, ń pa sẹ́ẹ̀lì kókó ọpọlọ nínú àwo ìwádìí. Fà á sí iṣan apá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má débẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn Northwestern University ní Chicago fi gbé ẹ̀rọ kékeré sínú egungun orí àwọn aláìsàn, tí ìró tí etí kì í gbọ́ ń ṣí odi náà fúngbà díẹ̀ kí oògùn yìí lè wọlé. Ní 2023 ni wọ́n gbé àbájáde àkọ́kọ́ jáde. Ìwádìí ṣì ń lọ. Temozolomide ẹ̀wẹ̀, oògùn tó gbajúmọ̀ jù fún glioblastoma, oríṣi jẹjẹrẹ ọpọlọ kan tó le, kò ti ara ewé wá rárá. Yàrá ìwádìí ní ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é, ó sì kéré tó láti kọjá. Lójú tèmi, ohun tó kù níbí kì í ṣe ewé, ọ̀nà tí yóò gbà wọlé ni. Bí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, tàbí ẹnikẹ́ni bá ní ewé kan pa jẹjẹrẹ nínú àwo, ẹ bi wọ́n bóyá ó ń dé ọpọlọ.

Ẹ má ṣe se òdòdó yẹn fún bàbá yín mu. Vincristine tí wọ́n ń fún àgbàlagbà kì í sábà kọjá mílígíráàmù 2 lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ó ń mú kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú tìpìrì. Ta ni yóò wọn ìyẹn nínú ìkòkò? Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀, ewé mìíràn sì lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Tí bàbá bá ti mu nínú àgbo ìyá ẹlẹ́wé náà, ẹ má bínú sí wọn, ẹ má sì fi pa mọ́. Ẹ ní kí ìyá ẹlẹ́wé dárúkọ gbogbo ewé tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi han dókítà kí wọ́n tó gba kímò tó kàn.