Ìbéèrè Yín: Ṣé Ìbò Ni Wọ́n Ń Dì ní Áténì Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní Áténì, ìlú ilẹ̀ Gíríìsì, ni ìjọba tiwa-n-tiwa ti ṣẹ̀. Ṣé bí a ṣe ń dìbò yan aṣojú lónìí làwọn náà ń ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó tì o. Kèké ni wọ́n fi ń yan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlú. Lójú tiwọn, bí a bá ní ká dìbò, olówó àti gbajúmọ̀ ni yóò máa wọlé ṣáá, ṣùgbọ́n kèké kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ènìyàn 500, 50 láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú 10. Ẹni tó bá ti pé 30 ọdún ló lè wọ̀ ọ́, ọdún kan péré ni, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láyé ẹni.

Ti ilé ẹjọ́ ló wú wa lórí jù. Wọ́n á gbé òkúta pẹlẹbẹ kan nàró tí wọ́n ti gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára, ní ìlà-ìlà. Wọ́n á ki àmì tí orúkọ oníkálukú wà lára rẹ̀ bọ inú ihò wọ̀nyí. Ọ̀pá oníhò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ọmọ kèké dúdú àti funfun sí. Bí funfun bá jábọ́, gbogbo ìlà kan ti di adájọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ dúdú, kí ìlà náà máa lọ sílé. Àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ gan-an ni wọ́n ń ṣe é, kí ẹlẹ́jọ́ má baà mọ ẹni tí yóò fún ní rìbá.

Àwọn ọ̀gágun 10 wà lára àwọn tó yàtọ̀ pátápátá: wọ́n ń nawọ́ yàn wọ́n ni, torí ogun ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jà.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé tiwọn wá dára ju tòde òní lọ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá. Obìnrin, ẹrú àti àlejò tó ń gbé ìlú kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lónìí, ilé ẹjọ́ tó dá dúró lè sọ fún àwọn aṣòfin pé ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu. Ní Áténì, bí inú bá bí ìpàdé ìlú, níbi tí àwọn ọkùnrin ọmọ ìlú fúnra wọn ti ń dìbò lórí ọ̀rọ̀, ta ni yóò dì í mú? Ní 406 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ọ̀gágun ṣẹ́gun lójú omi ní Arginusae, ṣùgbọ́n ìjì kò jẹ́ kí wọ́n gba àwọn tí ọkọ̀ wọn rì là. Dípò kí ìpàdé gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbò kan ṣoṣo ni wọ́n dì lórí gbogbo wọn. Ẹni tó ní kò bófin mu, àwọn èrò fi ariwo pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n kábàámọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa mẹ́fà tó padà wálé nínú àwọn ọ̀gágun náà.