Èsì: Àjákù ánkárá àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ fẹ́ kó lọ sí Gánà

Ẹ kú akitiyan, Ìyá Ìbejì. Ẹ ní ẹ ti kó àpò mẹ́rin jọ ní Kubwa fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Gánà, ẹ wá ń bèèrè ọ̀nà tó dín owó kù. Ẹ má fi bàálù kó o. Kì í ṣe kílò nìkan ni wọ́n ń wò: wọ́n á wọn òró, ìbú àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, wọ́n á pín in sí 5,000 tàbí 6,000. Nínú iye tó jáde yìí àti kílò gidi, èyí tó bá ju ìkejì lọ lẹ máa sanwó lé. Àjákù aṣọ fúyẹ́, àmọ́ ó ń gba àyè bíi tìmùtìmù! Ẹ dì í pinpin, ẹ gbé e sọ́kọ̀ ní gáréèjì Utako ní Àbújá lọ Èkó, kó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá.

Ọ̀rá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2021, àdéhùn Basel, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí kíkó pàǹtírí kọjá ẹnubodè, ní pàǹtírí ike tó dọ̀tí tàbí tó lú mọ́ra kò gbọdọ̀ wọ orílẹ̀-èdè míì láìgba àṣẹ ibẹ̀ ṣáájú. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Èmi ò sá tèmi gbẹ nígbà òjò. Kó tó débẹ̀, ó ti bu.