Ìbéèrè Yín: Ẹgbẹ́ Kansas City Chiefs àti Ọmọ Enugu Tó Sáré Fún Wọn

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní Ìta-Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú. Ìlú Kansas City ní Amẹ́ríkà ni ọmọ mi ọkùnrin ń gbé, ó sì fi ẹ̀wù pupa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chiefs ránṣẹ́ sí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní ọmọ Nàìjíríà kan ti fìgbà kan jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gbá irú bọ́ọ̀lù yẹn rí kó tó kúrò nílé. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni ẹgbẹ́ náà sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ lọmọ yín sọ, Màmá. Christian Okoye lorúkọ ọkùnrin náà, ìlú Enugu ni wọ́n sì bí i sí lọ́dún 1961. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹgbẹ́ tó gbà á, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn Chiefs ti ń wá agbábọ́ọ̀lù lọ síbi tí àwọn ẹlòmíràn kò yíjú sí.

Lamar Hunt, ọmọ olówó epo rọ̀bì kan ní Texas, fẹ́ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú NFL, líìgì ńlá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ṣùgbọ́n wọn kò fún un láyè. Òun àti àwọn olówó mìíràn bá dá líìgì tiwọn, AFL, sílẹ̀ láti bá NFL díje, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Dallas lọ́dún 1960. Wọ́n gba ife líìgì náà ní 1962, wọ́n sì kó lọ sí Kansas City lọ́dún tó tẹ̀ lé e. "Chief" ni ìnagijẹ H. Roe Bartle, olórí ìlú tó fà wọ́n wá, òun ni wọ́n sì fi sọ ẹgbẹ́ náà.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sí. Hunt àti Hank Stram, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n gba Lloyd Wells, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, pé kó máa bá wọn wá ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá kiri irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Buck Buchanan, ọmọ yunifásítì Grambling, ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tí líìgì náà ṣà lọ́dún 1963. Willie Lanier wá láti yunifásítì Morgan State. Lẹ́yìn tó ti fara pa lórí, ó máa ń wọ akoto tí wọ́n lẹ tìmùtìmù mọ́ lára níta. Ìtàn Otis Taylor ló wù mí jù. Ní 1964, ẹgbẹ́ kan láti NFL fi í pamọ́ sí òtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Dallas kí Chiefs má baà rí i, ṣùgbọ́n Wells tọpa rẹ̀ débẹ̀, Taylor sì gba ojú fèrèsé jáde lóru. Taylor yìí kan náà ló gba bọ́ọ̀lù kúkurú kan lọ́wọ́ Len Dawson, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn Chiefs, ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún 1970, tó já mọ́ àwọn adènà lọ́wọ́, tó sì gbé e dé òpin pápá nígbà tí Chiefs na Minnesota Vikings 23 sí 7 nínú Super Bowl kẹrin, àṣekágbá tó ń pinnu ẹgbẹ́ tó borí lọ́dọọdún.

Discus, ìyẹn àwo tí àwọn eléré ìdárayá máa ń jù, ni Okoye ń jù ní tirẹ̀, òun ló sì gbé e dé yunifásítì kékeré kan ní California, Azusa Pacific. Nàìjíríà kò mú un lọ sí Òlíńpíìkì ọdún 1984, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìgbà náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 23. Nínú eré yìí, ẹgbẹ́ tó ní bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbé e síwájú tó yárdì mẹ́wàá láàárín ìgbìyànjú mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ Okoye ni kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, kó há a mọ́ abẹ́ apá, kó tẹ èjìká sílẹ̀, kó sì kọjá láàárín àwọn tó fẹ́ wó o lulẹ̀; ọkùnrin tó sún mọ́ kìlógíráàmù 120 ni, tó sì tún yára. Chiefs mú un ní 1987. Lọ́dún 1989, ó gbé bọ́ọ̀lù nígbà 370, ó sì fi sáré yárdì 1,480, èyí tí ẹnikẹ́ni kò sá tó lọ́dún náà nínú gbogbo NFL, tí AFL ti dara pọ̀ mọ́ nígbà náà. Ẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é ní Nigerian Nightmare, ìyẹn àlá burúkú láti Nàìjíríà. Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé sáà 1992 ló gbá kẹ́yìn.

Àádọ́ta ọdún gbáko ni Chiefs lò kí wọ́n tó tún gba Super Bowl, ní 2020, pẹ̀lú Patrick Mahomes, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, àti akọ́nimọ̀ọ́gbá Andy Reid. Wọ́n sì tún gbà á ní 2023 àti 2024. Emmanuel Ogbah, tí wọ́n bí ní Èkó wa níbí, wà lára ẹgbẹ́ náà ní sáà tí wọ́n fi gba ti 2020, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbẹ́ àyà kò jẹ́ kó kópa nínú àṣekágbá.

Bí ẹ bá fẹ́ wò wọ́n, oṣù Kẹsàn-án ni sáà máa ń bẹ̀rẹ̀. Eré ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ní Kansas City máa ń bọ́ sí nǹkan bí aago mẹ́fà tàbí méje alẹ́ ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n Super Bowl ní tirẹ̀ máa ń bọ́ sí òru, lẹ́yìn aago méjìlá.