Ṣé Thomas Pynchon fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú fíìmù A Journey into the Mind of P.?

Rárá, Pynchon, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tí fíìmù náà dá lé lórí, kò kópa nínú rẹ̀, kò sì jókòó fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kankan níbẹ̀. Fosco àti Donatello Dubini, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni ó darí fíìmù náà. Nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi dí àyè rẹ̀ ni ẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n rí àti àwọn tó fẹ́ràn ìwé rẹ̀, àwòrán àtijọ́, àti orin ẹgbẹ́ The Residents, tí àwọn náà kì í fi ojú hàn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ìtàn ìgbésí ayé tó lọ létòlétò kò ní rí i níbẹ̀. Ìfura àti ìbẹ̀rù tó kún inú ìwé ọkùnrin náà ni fíìmù ọ̀hún ń gbìyànjú láti gbé wá sójú.

Ọdún 1937 ni wọ́n bí Pynchon ní Amẹ́ríkà. Kò yé sá fún kámẹ́rà láti ìgbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, V., ti jáde ní 1963. Kódà, nígbà tí ìwé rẹ̀ Gravity's Rainbow gba National Book Award, ẹ̀bùn ìwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ní 1974, aláwàdà kan, Irwin Corey, ni ó bá a lọ gbà á.

Ohùn rẹ̀ nìkan ni aráàlú ti gbọ́: ní 2004, ó sọ̀rọ̀ nínú The Simpsons, eré àwòrán ẹ̀fẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n àpò ni wọ́n fi bo orí àwòrán rẹ̀.