Ìwọ̀n wo ni wọ́n ń fẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó wà ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà?

Láàárín 140 sí 180 mg/dL, ìyẹn nǹkan bíi 7.8 sí 10 mmol/L, ni fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ìgbà tó bá dé 180 tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀ tí kò sì wálẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ínsúlíìnì, òògùn tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀.

Ṣúgà ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rí pàápàá lè ga bẹ́ẹ̀, torí pé nínú ìnira ńlá, ara máa ń tú kọ́tísọ́ọ̀lù àti adirẹnalíìnì, àwọn họ́mọ́ọ̀nù ìnira, jáde, ẹ̀dọ̀ á sì máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò fi já a wálẹ̀ pátápátá? Ìwádìí kan láti Leuven ní Belgium ní 2001 ló kọ́kọ́ gbé 80 sí 110 lárugẹ. Ṣùgbọ́n ìwádìí NICE-SUGAR ti 2009, tó gba aláìsàn tó lé ní 6,000, rí òdìkejì: láàárín 90 ọjọ́, 27.5% kú nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ kí tiwọn wà ní 81 sí 108, 24.9% nínú àwọn tí wọ́n gbà kó dé 180. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ti àkọ́kọ́.

Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ínsúlíìnì ń gbà wọlé, lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ti já wálẹ̀ tàbí tí ọwọ́ wú, ẹ̀jẹ̀ orí ìka lè ṣini lọ́nà. Bí oúnjẹ tó ń gba inú rọ́bà bá dúró lójijì, àfi kí wọ́n tètè dín ínsúlíìnì náà kù.

Fún ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti ga tipẹ́, dókítà lè gbà kó ga díẹ̀ ju 180 lọ.