Wọ́n ní ká fọwọ́ sí ìwé ìgbàgbọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ wa: báwo la ṣe lè dá ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà là ń gbé. Mùsùlùmí ni bàbá àwọn ọmọ, Kristẹni ni èmi. A fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 10, níwèé nílé láti oṣù September. Ẹgbẹ́ àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé nítòsí wa ní ká kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ìgbàgbọ́, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí ẹgbẹ́ náà gbà gbọ́ nípa ẹ̀sìn; ohun tó sì wà nínú ìwé náà kò lè tẹnu bàbá wọn jáde. Àwọn ìdílé mẹ́ta míì ní irú ìṣòro yìí. Báwo la ṣe lè dá ẹgbẹ́ tí kò gbé ka ẹ̀sìn sílẹ̀, tí kò ní tú ká?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya òfin ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára òfin ẹgbẹ́, torí wọ́n máa ń dàpọ̀ mọ́ òbí lójú. Òfin ẹgbẹ́ ni ìwé ìgbàgbọ́ yẹn. Maryland kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí Maryland fẹ́ ni pé kí ẹ fi fọ́ọ̀mù sọ fún ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ káúńtì yín (ìjọba ìbílẹ̀ yín), ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, iṣẹ́ ọnà, orin, ètò ìlera àti eré ìdárayá. Ẹ ó sì máa kó iṣẹ́ wọn sínú fáìlì tí káúńtì lè yẹ̀ wò, tí kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ọdún ẹ̀kọ́ kan. Kò sí ìdánwò dandan, òfin kò sì ní kí òbí ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́.

Ọ̀nà kejì wà, pé kí ìjọ tàbí iléèwé àdáni tí ìjọba mọ̀ máa bójú tó yín dípò káúńtì. Ibẹ̀ náà ni ìwé ìgbàgbọ́ ti lè yọjú. Fún ìdílé bíi tiyín, ọ̀dọ̀ káúńtì ni mo máa ní kí ẹ dúró sí.

Ẹ má jẹ́ kí àyẹ̀wò fáìlì dẹ́rù bà yín. Ẹ ra fáìlì ńlá kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi páálí pín in sí ọ̀nà 8. Ká ní ọmọ gbin ẹ̀wà sínú òwú tútù, kó ya àwòrán rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kejìlá, kó fi rúlà wọn gbòǹgbò rẹ̀, kó kọ déètì sókè. Ewé ìwé kan ṣoṣo yẹn ti jẹ́ sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti iṣẹ́ ọnà. Iṣẹ́ tí kò ní déètì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí kò fi hàn pé ẹ ń kọ́ ọmọ déédéé. Bí káúńtì bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì ní ọjọ́ 30 láti fi hàn pé ẹ ti tún un ṣe tàbí pé ẹ ti ń tún un ṣe. Iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe nínú ẹgbẹ́, inú fáìlì yìí náà ni kí ó máa wọ̀, nítorí ẹgbẹ́ kò lè jíhìn fún káúńtì dípò yín.

Ó wá kan ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló sì ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká jù: ta ló lè wọlé, kí ni a ó sì máa kọ́? Ẹni tó bá ní “gbogbo ènìyàn ló lè wá” ti dáhùn ìkíní, kò tíì fọwọ́ kan ìkejì. Ìdílé kan á rò pé a ó máa fo ibi tó bá lè bí èèyàn nínú nínú sáyẹ́ǹsì, òmíràn á rò pé a ó kọ́ ọ bó ṣe wà. Ọjọ́ tí olùkọ́ bá sọ pé ayé ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún ni ìjà á bẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ kankan tó pàdé, kí ìdílé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó kọ ojú ìwé kan, ó pọ̀ jù. Ó lè lọ báyìí:

“Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, oníṣẹ̀ṣe, ẹlẹ́sìn míì àti ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn lè wọlé. A kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. A ó kọ́ sáyẹ́ǹsì bí àwọn onímọ̀ rẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ. A ó kọ́ nípa ẹ̀sìn gẹ́gẹ́ bí ara ìtàn àti àṣà. A kò ní gbàdúrà, wàásù tàbí pín ìwé ìléwọ́ nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́.”

Ìlà kẹrin ṣe pàtàkì fún wa. Mo ti rí i tí òbí yọ Ádámù àti Éfà kúrò nínú sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n wá fi Odùduwà àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún dí àyè wọn. Kíláàsì ìtàn àti àṣà ni àwọn méjèèjì ti wúlò, kí ọmọ sì mọ̀ wọ́n dáadáa níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò gbé ka ẹ̀sìn kì í ṣe ẹgbẹ́ kèfèrí.

Àdúrà ni a fi ń ṣí ìpàdé láàárín Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí á sì le díẹ̀. Àwọn kan máa ń ní kí Kristẹni gbà á lónìí, kí Mùsùlùmí gbà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò ran ìdílé kẹta lọ́wọ́. Kí oníkálukú gbàdúrà nínú mọ́tò kó tó wọlé. WhatsApp ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ìlérí ti ń yẹ̀, pẹ̀lú àdúrà òwúrọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ ṣe gúrúùpù WhatsApp méjì: ọ̀kan fún àkókò àti ibi ìpàdé, tí ènìyàn méjì péré lè kọ nǹkan sí, èkejì fún ìtàkùrọ̀sọ, tí kì í ṣe dandan.

Ẹ fi ìpàdé sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, láti aago 10 sí aago 12. Ọjọ́ Ẹtì á kọlu ìrun Jímọ̀. Ní oúnjẹ, ẹ̀pà lè pa ọmọ tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ súìtì rírọ̀ ló sì ní jẹ́látìn ẹlẹ́dẹ̀, nítorí náà èso ló dára jù. Bí ìdílé Ẹlẹ́rìí Jèhófà bá wà, ẹ rántí pé wọn kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Ìdílé 6 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún àwọn míì títí ọ̀sẹ̀ 8 á fi pé, torí ẹgbẹ́ tó bá yára di ogún ìdílé á di ẹrù lórí ìyá kan ṣoṣo. Kí ẹnì kan mú ibi ìpàdé, ẹnì kan owó, ẹnì kan ètò ẹ̀kọ́. Yàrá ìpàdé láìbùràrì sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ ka òfin rẹ̀ kí ẹ tó gba owó níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ háyà gbọ̀ngàn, onígbọ̀ngàn lè béèrè ìwé inṣọ́ránsì. Bí ìdílé 6 bá dá dọ́là 25 ní sáà kan, dọ́là 150 á ra òwú, ẹ̀wà, rúlà àti páálí. Kí òbí kọ̀ọ̀kan dúró ti ọmọ rẹ̀: bí ẹ bá ń gba ọmọ sílẹ̀ kí òbí lọ, ìjọba lè wò ó bí iléeṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ tó nílò láísẹ́nsì. Kí àgbàlagbà kan ṣoṣo má sì dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Fún ọmọ tí ara tàbí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà míì, ẹ má bi òbí léèrè orúkọ àìsàn. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí ló ń dà á láàmú, kí ló ń mú un fara balẹ̀, ta ni kí a pè? Kí igun kan wà tí ariwo kò dé, tí ọmọ lè lọ jókòó sí láìgba àṣẹ.

Ẹgbẹ́ tó gbé ìwé síwájú yín, ẹ má bá wọn jà. Ẹ béèrè bóyá kíláàsì nìkan ni ìfọwọ́sí wà fún, torí àwọn ẹgbẹ́ míì kì í béèrè rẹ̀ fún eré ní pápá. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington kò gba owó ìwọlé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjèèjì sì lè jọ dúró níwájú egungun dáínósọ̀ kan náà.